Yá: Ìtàn Bí Ìdárayá Ṣe Di Oògùn Ẹ̀yìn Ríro

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gírámà ni ọ̀pọ̀ yín máa ń bá wá síhìn-ín. Gírámà náà ni n ó fi bẹ̀rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìtàn ìṣègùn ni mo fẹ́ sọ lónìí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe kan wà nínú èdè wa tí kò ju sílébù kan lọ, síbẹ̀ tí iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀. Ọ̀rọ̀ náà ni yá. Bí àkókò bá tó láti ṣe nǹkan, a ó ní, "Ó yá!" Ẹni tí kì í lọ́ra, a ó ní ara rẹ̀ yá. Bí aláìsàn bá sì bọ́ lọ́wọ́ àìsàn, ọ̀rọ̀ yẹn kan náà ni a ó tún lò: "Ara rẹ̀ ti yá." Láti inú dá ara yá ni a ti ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀-orúkọ ìdárayá, tí a ń lò fún eré tí a fi ń na ara. Ìwòsàn àti ìṣípòpadà ara bá ara wọn gbé nínú ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo. Èdè kì í ṣe ìwé ìṣègùn o, n kò sì sọ pé àwọn baba wa ti mọ ohun tí àwọn dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ wádìí. Ṣùgbọ́n ó yà mí lẹ́nu nígbà tí mo rí i pé ó gba ìmọ̀ ìṣègùn ní ohun tí ó ju 100 ọdún lọ kí ó tó gbà pé, ní ti ẹ̀yìn tó ń ro, ẹni tí ara rẹ̀ bá ń yá ni ara rẹ̀ yóò yá.

Kò wù mí láti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi, ṣùgbọ́n láìsí i, n kì bá tí wá ìdí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ kan láti gbé páálí ìwé ìdánwò nílẹ̀, ohun kan fà mí ní ìbàdí, n kò sì lè nàró mọ́. Ní ibi ìtọ́jú tí mo kọ́kọ́ lọ, wọ́n so bẹ́líìtì líle mọ́ mi nídìí, wọ́n ní kí n lọ dùbúlẹ̀ sórí ilẹ̀ líle, kí n má sì bẹ̀rẹ̀ mọ́ láéláé. Mo dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 9. Nígbà tí n ó fi dìde, ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n bí ti ọmọ tó ń kọ́ ìrìn, ìrora náà sì wà níbẹ̀. Ibòmíràn ni mo ti wá bá obìnrin onífísíò kan pàdé, ó ní kí n bọ́ bẹ́líìtì náà, kí n máa rìn. Ẹ̀rù bà mí. Mo rò pé ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì ń parọ́ fún mi. Lẹ́yìn tí mo ka ìtàn rẹ̀ ni mo tó mọ̀ pé kò sí ẹni tó parọ́ nínú wọn. Ọ̀rúndún tí oníkálukú ti gba ìmọ̀ rẹ̀ ni kò dọ́gba.

Kí a tó dé inú ìtàn, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ díẹ̀. Nígbà tí obìnrin náà bi mí bí ìrora náà ṣe rí, mo kàn ní ó ń dùn mí. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ń ro yín ni, àbí ó ń ta yín?" Ojú tì mí díẹ̀, èmi tí mo ń fi èdè jẹun. Ro ni ìrora tó jinlẹ̀, tí kò mú, tí ó kàn wà níbẹ̀. Fà ni ti ohun tó le tí ó ń na ara. Gún dà bí ìgbà tí a fi ọ̀bẹ ṣe é. Ta ní tirẹ̀ a máa sáré, a sì máa gbóná bí ata. Lọ́pọ̀ ìgbà, ìrora tí ó jẹ́ ti ẹran ara ẹ̀yìn a máa ro, a sì máa fà, kì í sì í fi ìbàdí àti ìdí sílẹ̀ lọ jìnnà. Èyí tí ń ta láti ìdí dé àtẹ́lẹsẹ̀ a máa jẹ́ ti okùn ìmọ̀lára tí nǹkan fún. Ìbéèrè kékeré yẹn ti pín ọ̀nà ìtọ́jú sí méjì kí ó tó fọwọ́ kàn mí.

Ọ̀rọ̀ tó ń dà wá rú ni iṣan. Iṣan ni ẹ̀jẹ̀ ń gbà kọjá. Iṣan ni ohun tó so ẹran mọ́ egungun. Iṣan náà ni ohun tí ń gbé ìmọ̀lára lọ sínú ọpọlọ. Àwọn mìíràn sì ń pe ẹran ara tí a fi ń ṣiṣẹ́ gan-an ní iṣan. Bí onífísíò bá sọ fún ìyá arúgbó pé, "Iṣan ẹ̀yìn yín ló le, Mama," ẹran tó rọ̀ tó sì lè nà ni ó ní lọ́kàn, ṣùgbọ́n ìyá lè gbọ́ ọ bí ẹni pé ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ ti dí, kí ó sì dùbúlẹ̀ de ikú. Nínú ohun tí mò ń kọ yìí, ẹran ara ni n ó máa pè é. Ní ti jẹ̀díjẹ̀dí, tí ọ̀pọ̀ wa ń di ẹ̀bi ẹ̀yìn ríro rù, tí a sì ń sọ pé ṣúgà ló ń fà á, orúkọ rẹ̀ gan-an ń sọ ibi tó ń jẹ: ìdí. Àìsàn ọ̀tọ̀ ni. Ẹni tí ó bá mu àgbo "ọ̀pá ẹ̀yìn" lọ́wọ́ ìyá alágbo ní ìdíkọ̀, bí ọtí bá wà nínú rẹ̀, ó lè má mọ ìrora náà lára fún wákàtí méjì. Ẹran ara tó ti le kò ní tìtorí ìyẹn rọ̀.

Níbo wá ni àṣẹ "dùbúlẹ̀" ti wá? Ìlú Ọba ni. Ní ọdún 1863, John Hilton, oníṣẹ́ abẹ ní Guy's Hospital ní London, gbé ìwé kan jáde lórí ìsinmi àti ìrora, tí ó fi ń kọ́ni pé ìsinmi ni olórí oògùn tí ẹ̀dá fi jíǹkí ara. Ní Liverpool, Hugh Owen Thomas, ẹni tí àwọn baba rẹ̀ jẹ́ atọ́egungun gẹ́gẹ́ bí àwọn ti ilẹ̀ wa, ń wàásù ìsinmi tó pé, tó gùn, tí a kò sì dá dúró láàrin. Ní ti egungun tó ṣẹ́ àti oríkèé tí ikọ́ ẹ̀gbẹ bá wọ̀, òótọ́ ni wọ́n sọ, ọ̀pọ̀ ẹsẹ̀ tí à bá ti gé ni wọ́n sì gbà là. Àṣìṣe àwọn tó tẹ̀ lé wọn ni pé wọ́n gbé òfin egungun tó ṣẹ́ ka orí ẹ̀yìn tí kò ṣẹ́. Àsìkò náà sì bá a mu: ọkọ̀ ojú irin ti dé, ìjàǹbá rẹ̀ ń pọ̀, àwọn èrò ń pe àwọn ilé iṣẹ́ reluwé lẹ́jọ́ pé ẹ̀yìn ń dun àwọn. Nígbà tí John Eric Erichsen kọ ìwé rẹ̀ lórí irú ìfarapa bẹ́ẹ̀ ní 1866, ẹ̀yìn ríro ti bẹ̀rẹ̀ sí í di ọgbẹ́ lójú dókítà àti adájọ́. Ọgbẹ́ a sì máa fẹ́ ìsinmi.

Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀kọ́ tó lòdì sí i wà nítòsí, ní orílẹ̀-èdè Sweden. Pehr Henrik Ling, ẹni tí ìtàn sọ pé eré idà ló mú kí apá rẹ̀ tó ń ro ún fúyẹ́, dá ilé ẹ̀kọ́ ìdárayá sílẹ̀ ní Stockholm ní 1813. Ó pín ìdárayá sí ọ̀nà mélòó kan, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti aláìsàn. Ní 1865, Gustav Zander ṣí ilé ìtọ́jú kan ní ìlú yẹn kan náà, ó kó oríṣiríṣi ẹ̀rọ síbẹ̀, àwọn kan nínú wọn ń fi agbára ooru omi ṣiṣẹ́, láti máa na ẹ̀yìn, apá àti ẹsẹ̀ àwọn tó ń jókòó ṣiṣẹ́ nínú ọ́fíìsì. Ẹ wo àwòrán àwọn ẹ̀rọ náà bí ẹ bá ráyè: bí ẹ bá ti wọ ilé ìdárayá ìgbàlódé rí, ẹ ó mọ̀ wọ́n. Ní 1887, ìjọba Sweden fi orúkọ àwọn tó kẹ́kọ̀ọ́ jáde ní ọ̀nà Ling sí ìwé àwọn oníṣẹ́ ìlera. Èrò tèmi ni pé kò sí ohun tó jẹ́ kí àwọn dókítà kọ etí dídi sí wọn ju pé wọn kì í ṣe dókítà lọ.

Ohun tí ó tún wá gbàgbé ẹran ara pátápátá ni àṣeyọrí ńlá kan. Ní 1934, William Mixter àti Joseph Barr ní Boston fi hàn pé tìmùtìmù tó wà láàrin àwọn egungun ẹ̀yìn, tí a ń pè ní dísìkì, lè yọ kúrò ní àyè rẹ̀, kí ó sì tẹ okùn ìmọ̀lára mọ́lẹ̀, àti pé iṣẹ́ abẹ lè yọ ọ́. Òdodo ọ̀rọ̀ ni. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà lọ, gbogbo ẹ̀yìn tó ń ro ni wọ́n ń wá dísìkì sí, ẹni tí a kò bá sì gé, a ó ní kí ó dùbúlẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì, mẹ́ta, mẹ́fà.

Ọkùnrin tó dá ọ̀rọ̀ náà padà sórí ẹran ara ni Hans Kraus. Ìlú Trieste ni wọ́n ti bí i ní 1905, Vienna ni ó ti di dókítà, ó sì sá wá sí New York ní 1938 nígbà tí Hitler gba Austria. Apàtàgùn ni, ẹni tí ń fi ọwọ́ àti okùn gun àpáta gíga, nítorí náà kò fi ojú aláìlera wo ara ènìyàn rí. Òun àti Dókítà Sonja Weber ṣètò ìdánwò kan tó ní ìṣesí 6: dìde jókòó pẹ̀lú ẹsẹ̀ nínà, dìde jókòó pẹ̀lú orúnkún kíká, gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sókè, dojú bolẹ̀ kí o gbé àyà sókè, dojú bolẹ̀ kí o gbé ẹsẹ̀, bẹ̀rẹ̀ kí o fi ọwọ́ kan ilẹ̀ láìká orúnkún. Kò ju ìyẹn lọ. Wọ́n rí i pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ẹ̀yìn ń ro kò ní àrùn kankan nínú egungun, ẹran ara tó rọ tàbí tó le ni wọ́n ní. Nígbà tí wọ́n fi ìdánwò náà wò àwọn ọmọ ilé ìwé, ju ìdajì àwọn ọmọ Amẹ́ríkà lọ ni kò yege, nígbà tí àwọn tó kùnà nínú àwọn ọmọ Yúróòpù kò tó ìdá kan nínú 10. Ààrẹ Eisenhower gbọ́, ẹnu yà á, ní 1956 ó sì gbé ìgbìmọ̀ kan dìde lórí ìlera àwọn ọ̀dọ́.

Ṣùgbọ́n ààrẹ tó tẹ̀ lé Eisenhower ni ó sọ Kraus di gbajúmọ̀. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ sí John Kennedy lẹ́yìn ní 1944. Ní oṣù kẹwàá 1954, wọ́n tún là á, wọ́n fi irin sí i. Kòkòrò wọ ojú ọgbẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gba ibẹ̀ lọ, wọ́n sì yọ irin náà ní 1955. Ní oṣù karùn-ún 1961, tí ó ti di ààrẹ, ó ń gbin igi kan ní Ottawa gẹ́gẹ́ bí àlejò pàtàkì nígbà tí ẹ̀yìn rẹ̀ tún fà á. Ọ̀pá ìtìlẹ́yìn ni ó fi ń rìn nígbà tí àwọn oníròyìn kò bá sí nítòsí, dókítà rẹ̀, Janet Travell, sì ń gún un ní abẹ́rẹ́ akunni lemọ́lemọ́. Oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n pe Kraus wá. Ó rí ọkùnrin tí ẹran inú àti ẹ̀yìn rẹ̀ ti rọ, tí ẹran ẹ̀yìn itan rẹ̀ sì le bí okùn ìlù. Ó ní òun yóò tọ́jú rẹ̀, ṣùgbọ́n kí abẹ́rẹ́ náà dáwọ́ dúró. Ìgbà 3 lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣe ìdárayá nínú White House: nínà, kíká, gbígbé, díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí ó fi di 1962, ààrẹ ń gbé ọmọ rẹ̀, ó ń gbá gọ́ọ̀fù. N kò gbọdọ̀ sọ ọ́ bí àlọ́ o, nítorí kò bọ́ nínú bẹ́líìtì rẹ̀ tán: ọ̀kan líle wà ní ìdí rẹ̀ ní Dallas ní ọjọ́ 22, oṣù kọkànlá, 1963.

Láàrin àwọn tó gba ìdárayá gbọ́ pàápàá, ìjà wà. Paul Williams, dókítà kan ní Dallas yẹn kan náà, ti kọ́ni láti 1937 pé kí aláìsàn máa tẹ̀ síwájú: dùbúlẹ̀ gbalaja, fa orúnkún mọ́ àyà. Ní Wellington ní New Zealand, ní 1956, ìdàkejì rẹ̀ ṣẹlẹ̀ nípa èèṣì. Robin McKenzie, onífísíò ọmọ ọdún 25, ní kí aláìsàn kan lọ dùbúlẹ̀ dè òun nínú yàrá. Wọ́n ti gbé orí ibùsùn náà sókè fún aláìsàn mìíràn, ọkùnrin náà sì dojú bolẹ̀ lé e, ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ kọ́rọ́ sẹ́yìn. Nígbà tí McKenzie dé, ẹ̀rù bà á, nítorí gbogbo ìwé ló ní irú ìdùbúlẹ̀ bẹ́ẹ̀ léwu. Ọkùnrin náà ní ẹsẹ̀ òun kò dun òun mọ́, ó kù sí ẹ̀yìn nìkan, ìgbà àkọ́kọ́ láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. McKenzie ì bá dákẹ́, kí ó sì dúpẹ́ pé òun kò pa á lára. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó fi ohun tó ju ogún ọdún lọ wádìí rẹ̀ kí ó tó kọ ìwé rẹ̀ fún àwọn aláìsàn ní 1980. Èyí ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ìtàn náà.

Síbẹ̀, ìtàn ẹnì kan kì í ṣe ẹ̀rí. Ní 1986, Richard Deyo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas pín aláìsàn 203 sí méjì bí ẹni ṣẹ́ kèké: àwọn kan láti dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 2, àwọn yòókù fún ọjọ́ 7. Ìwòsàn àwọn méjèèjì kò yàtọ̀. Àwọn ọlọ́jọ́ 2 kàn tètè padà sẹ́nu iṣẹ́ ni. Ní 1995, ìwádìí mìíràn dé láti Helsinki, láàrin òṣìṣẹ́ ìjọba ìlú 186 tí ẹ̀yìn ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ro. Ìpín kan dùbúlẹ̀ fún ọjọ́ 2, ìpín kan ṣe ìdárayá ẹ̀yìn, ìpín kẹta ń bá iṣẹ́ òòjọ́ wọn lọ níwọ̀n tí ìrora bá gbà wọ́n láyè. Àwọn tí ń bá iṣẹ́ wọn lọ ni ara wọn tètè yá jù, àwọn tó dùbúlẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Ẹ kíyè sí i pé ìdárayá pàápàá kò borí níbẹ̀. Ní ọjọ́ mélòó kan àkọ́kọ́, kí ènìyàn má ṣe dúró gbagidi ti tó. Ẹ̀yìn tó bá ti ń ro ju oṣù mẹ́ta lọ ni ìdárayá ti ń fi agbára rẹ̀ hàn. Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ẹran tí a kò lò a máa joro; ẹni tó ń bẹ̀rù a máa fún ara rẹ̀ le láti dáàbò bo ẹ̀yìn; líle náà a máa ro; ríro náà a sì tún dá kún ẹ̀rù.

Ilẹ̀ wa kò sí lẹ́yìn ìtàn yìí. Ní 1945, àwọn onífísíò méjì láti Ìlú Ọba bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Igbóbì ní Èkó, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tó fara gbọgbẹ́ nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Ilé ìwòsàn eegun tí gbogbo wa mọ̀ lónìí ni ibẹ̀ dà. Yunifásítì Ìbàdàn bẹ̀rẹ̀ oyè kíkà nínú ẹ̀kọ́ náà ní 1966. Èyí tó sì kan àwa onímọ̀ èdè jù ni ti 2017. Ìwé ìbéèrè kan wà tí Martin Roland àti Richard Morris ṣe ní 1983, tó ní gbólóhùn 24 tí aláìsàn yóò fi àmì sí. Àwọn olùwádìí ní Ilé-Ifẹ̀ túmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá, wọ́n dán an wò lára àwọn aláìsàn, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde nínú ìwé ìròyìn ìmọ̀ kan tí gbogbo ayé ń kà. Ìwé ìbéèrè náà kò fi bẹ́ẹ̀ bìkítà bí ó ti ń dùn tó. Ohun tó ń béèrè ni pé: ṣé o ń rìn bíi ti àtẹ̀yìnwá? Ṣé o lè yí padà lórí ibùsùn? Ṣé o nílò ohun tí o máa dì mú kí o tó dìde lórí àga? Lójú tèmi, bí ẹni tó mọ ìkíni wa ló ṣe ń béèrè. "Ṣé ara le?" ni àwa ń wí. Ohun tí ara lè ṣe ni à ń béèrè, kì í ṣe ìwọ̀n ìrora.

Ẹ̀rí ti pọ̀ báyìí. Àkójọ ìwádìí 249 tí wọ́n gbé jáde ní 2021 fi hàn pé ìdárayá ṣeé ṣe kí ó dín ẹ̀yìn ríro tó ti pẹ́ kù ju kí a má ṣe nǹkan kan lọ. Ní oṣù kejìlá 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé fi ìdárayá sára ohun tó yẹ kí a máa fi tọ́jú rẹ̀, ó sì kọ bẹ́líìtì ìdí gẹ́gẹ́ bí ìtọ́jú ojoojúmọ́. (Mo ti fi tèmi fún ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ó fi so ẹrù mọ́ alùpùpù.) Irú ìdárayá wo? Ìjà Williams àti McKenzie kò ní olúborí tí a lè gbé orúkọ rẹ̀ sókè. Àwọn kan ń fẹ́ títẹ̀ síwájú, àwọn kan ń fẹ́ títẹ̀ sẹ́yìn, onífísíò ni yóò sì wo èyí tó bá ara tìrẹ mu. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bá lè di ìtọ̀ tàbí ìgbẹ́ mú mọ́, tí abẹ́ rẹ̀ kú tipiri, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń rọ, tí ibà tàbí rírù bá ẹ̀yìn ríro rẹ̀ wá, tàbí tí ó ṣubú láti òkè, kí ó má ṣe ìdárayá kankan o. Kí ó lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà gan-an.

Èyí tó dé kẹ́yìn ni ti Sydney ní 2024. Àgbàlagbà 701 tí ẹ̀yìn wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ sàn ni wọ́n pín sí méjì. Wọ́n kọ́ ìpín kan bí wọn yóò ṣe máa rìn, díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ìgbà 5 lọ́sẹ̀. Ìpín tí kò rìn lo nǹkan bí ọjọ́ 112 kí ìrora tó padà dé; àwọn tó rìn lo ọjọ́ 208. Ẹsẹ̀ lásán ni wọ́n lò, kò sí ẹ̀rọ Zander níbẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin ará Èkìtì, Ìjẹ̀bú, Oǹdó àti Ọ̀yọ́, bí ẹ bá mọ ọ̀rọ̀-ìṣe mìíràn yàtọ̀ sí ro, fà, gún àti ta tí àwọn àgbà yín ń lò fún ìrora ìbàdí, ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí mi pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Mò ń ko wọ́n jọ fún obìnrin onífísíò yẹn.